Ẹtù tàbí sányán: èwo ni ká fi kun pálọ̀ Màmá?

Ìyàwó Òkè-Àdó · Sátidé, 8:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló gbé mi wá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èmi àti bàálé mi ti ń fa ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jáwọ́.

Ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ ní 1974 là ń tún ṣe. Màmá ṣì wà níbẹ̀, ẹni ọdún 79, àwa àtàwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó bá wọn ni. Pálọ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, la fẹ́ kọ́kọ́ kùn. Ẹsẹ̀ 12 sí ẹsẹ̀ 14 ni, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ 10. Fèrèsé méjì ló ní: ọ̀kan kọjú sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ògiri aládùúgbò kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ 5 lọ, èkejì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti fi páànù bò. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kun ilé láyé ìgbà náà: láti ilẹ̀ dé ìbàdí, gúlọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé tó ń dán bí àwo tánganran; láti ìbàdí sókè, kírímù tó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Bàálé mi ní ẹtù lòun fẹ́. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Búlúù tó dúdú gan-an, bí agbádá ẹtù tí Bàbá wọ̀ nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀ náà. Ó rí irú rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó, láti ìgbà náà ni kò ti gbádùn. Èmi, sányán ni mo fẹ́: àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣe funfun, tí kì í sì í ṣe búráùn. Ẹni tó bá mọ sányán gidi mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ ní "èyí ló rẹwà". Ẹ sọ ìdí.

Bàbá Ẹlẹ́rìndòdò · 8:21 àárọ̀

Ẹ kun apá tiyín ní sányán, kí bọ̀dá kun apá tiwọn ní ẹtù, kí ẹ fa kọ́tìnnì sáàárín. Ẹ ti dín ìpàdé ẹbí kan kù nìyẹn.

Ará Peckham · 9:40 àárọ̀

Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ má bínú, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà.

Ọdún 11 ni mo fi gbé ilé onílé níbí kí n tó ra tèmi, magnolia ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti háyà ilé rí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ magnolia: ó jọ mílíìkì tí tíì ta sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tèmi, búlúù dúdú ni mo fi kun pálọ̀, ògiri, ilẹ̀kùn, títí kan òkè àjà. Yàrá kékeré ni, àríwá ló kọjú sí, oòrùn kì í débẹ̀. Funfun ni mo kọ́kọ́ dán wò lára rẹ̀, ó sì rí bí eérú. Yàrá tó bá ti ṣókùnkùn látilẹ̀wá, funfun kì í là á. Ńṣe ló máa ń rí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Dúdú ló gbà á. Ní báyìí, tí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́ tí mo tan lámpù méjì, bí ìgbà tí yàrá náà gbá mi mọ́ra ni.

Pẹ́ńtà Mọ́níyà · 11:12 àárọ̀

Àǹtí Peckham, ẹ ò purọ́. Mo ti kun irú rẹ̀ fún oníbàárà kan ní Bódìjà, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n alẹ́ lẹ̀yin fi ń jókòó nínú pálọ̀ yín, iná yín kì í sì í lọ. Màmá yìí, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń lò ó, iná tiwa náà sì rèé, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọdún 22 ni mo ti ń fi rólà jẹun. Ògiri kì í ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Èyí tó bá gbà ló ń dá padà. Funfun tó mọ́ á dá ju 80 nínú 100 padà. Sányán tó mọ́lẹ̀ dáadáa á dá bíi 60. Ẹtù kì í dá tó 10, ó ti gbé ìyókù mì. Tí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé kò bá tó tẹ́lẹ̀, ẹtù á jẹ díẹ̀ tó wà, ẹ̀yin lẹ ó sì ra gílóòbù kún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀dà. Ẹsẹ̀ 12 àti 14, tí ẹ bá yí i ká, ẹsẹ̀ 52 ni. Ẹ fi gíga 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹsẹ̀ 520 onígun mẹ́rin, ìyẹn bíi mítà 48 onígun mẹ́rin. Tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ku nǹkan bíi mítà 42 onígun mẹ́rin. Líta kan ń bo bíi mítà 10 lórí ògiri tó dán, ìyẹn ni pé gálọ́ọ̀nù onílíta 4 kan fún kóòtù kan. Sányán, kóòtù méjì, gálọ́ọ̀nù méjì, ó tán. Ẹtù, ẹ máa retí mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ìdí ni pé ọ̀dà tó dúdú kì í ní ẹ̀fun tó ń boni láṣìírí nínú púpọ̀, àwọ̀ ló kún inú rẹ̀. Kóòtù àkọ́kọ́ á rí jákujàku débi tí ẹ ó fi rò pé pẹ́ńtà yín ti mutí yó. Ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ fi àwọ̀ eérú ṣe ìpìlẹ̀.

Tí ọyẹ́ bá dé ńkọ́? Eruku á jókòó sára ẹtù bí èlùbọ́ sára ìyá alámàlà. Tí ẹ bá fi aṣọ nù ún, ojú ibi tí ẹ nù á máa dán, ìyókù á wà bó ṣe wà. Sányán àti eruku ọyẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn kò ní fara pamọ́ lára sányán o.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju àwọ̀ lọ ni gúlọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n tó jẹ́ ọ̀dà olómi kì í dì mọ́ gúlọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá kùn ún lé e bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa fi èékánná bó o bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi sánpépà ha dídán ara rẹ̀ kúrò ná.

Ọmọ Ìtòkú · 12:03 ọ̀sán

Ẹ má bínú, orúkọ aṣọ lẹ fi ń pe ọ̀dà, àwa la sì ni aṣọ. Ìkòkò aró ni mo bá lẹ́yìn ilé wa l'Ábẹ́òkúta nígbà tí mo lajú sáyé. Kò sí aṣọ tó ń wọnú aró lẹ́ẹ̀kan tó ń jáde ní dúdú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rì í, àyìnrín lásán ni. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fún un ní atẹ́gùn, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, títí á fi dúdú débi pé á máa pọ́n fìrì lójú oòrùn. Nígbà tí Bọ̀dá Pẹ́ńtà ní kóòtù mẹ́rin, ẹ̀rín pa mí. Ìyá mi ì bá ní mẹ́rin kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ẹtù tí gbogbo yín ń pè yìí kì í ṣe dúdú pátápátá. Ẹ lọ wo agbádá Bàbá nínú fọ́tò yẹn dáadáa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, funfun tàbí àyìnrín, ló ń sá lọ lóròó lára rẹ̀. Ó jọ ìyẹ́ awó, ẹtù sì lorúkọ mìíràn tí ẹyẹ awó ń jẹ́. Ìlà yẹn ló ń jẹ́ kí aṣọ náà mí. Tí ẹ bá yọ ìlà kúrò, tí ẹ kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní dúdú pátápátá, kì í ṣe ẹtù mọ́, aṣọ ọ̀fọ̀ ni.

Sányán ní tirẹ̀ kò mọ aró rárá. Òwú kòkòrò inú igbó ni, àwọ̀ tó bá ti ara kòkòrò jáde náà ni wọ́n ń hun. Wọ́n ní òun ni bàbá aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fọwọ́ sọ àwọ̀ rẹ̀ pé òun gan-an nìyí: bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe bà á ló ń yí. Tí pẹ́ńtà bá ní òun á fún yín ní sányán, ẹ bi í pé sányán ti aago mélòó.

Àrẹ̀mọ Màmá · 2:30 ọ̀sán

Ẹ káàsán o. Èmi ni ọkọ tí wọ́n ń rojọ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi ò sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta la ní, àbíkẹ́yìn ò ju ọdún mẹ́rin lọ, bíró ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá kun sányán lónìí, kó tó di ọ̀la, máàpù Nàìjíríà ti wà lára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Ògiri dúdú ni kì í bá a du ojú. Ẹ̀kẹta, mi ò tíì sọ èyí fún un rí: gbogbo ibi tí mo wọ̀ ní Ìbàdàn láti kékeré, kírímù ni. Ilé ìwé, kírímù. Ọsibítù, kírímù. Kóòtù tí a ti ṣègbéyàwó, kírímù. Mo ti fi ogójì ọdún wo kírímù, ó tó gẹ́ẹ́.

Ọmọ Ìtòkú, ọ̀rọ̀ yín dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n mo lọ wo fọ́tò Bàbá. Ìlà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àtikékeré ni mo ti ń wo fọ́tò yẹn, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ìyàwó Òkè-Àdó · 2:41 ọ̀sán

Bàbá Tóbi, kírímù àti sányán kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ọmọ tó sì ń fi bíró kọ nǹkan sára sányán, ṣọ́ọ̀kì ló máa gbé tó bá kan ẹtù.

Ará Peckham · 3:15 ọ̀sán

Ẹ̀rín ṣọ́ọ̀kì yìí fẹ́ pa mí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé wọn ò lè la fèrèsé sí apá àríwá? Níbí, ìmọ́lẹ̀ àríwá tutù, kì í yí padà, àwọ̀ búlúù sì máa ń jáde nínú rẹ̀.

Tísà Jọ́gíráfì · 3:52 ọ̀sán

Àǹtí, àríwá tiyín àti tiwa ò jọ ara wọn. Ìbàdàn kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 7 lọ sí òkè ìlà agbedeméjì ayé. Láti bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá orí wa ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Fèrèsé àríwá ní Òkè-Àdó máa ń rí oòrùn nínú oṣù kẹfà, àfi tí kùrukùru òjò bá bò ó. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló yẹ ká máa wò nílẹ̀ wa. Ti ìlà-oòrùn yìí náà sì ni ògiri aládùúgbò ti dínà mọ́, ẹ fi fèrèsé sílẹ̀.

Dìpọ̀ Atlanta · 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kúrọ̀lẹ́ o. Ẹ dákun, kò tíì sí ẹni tó fi sánpépà kan gúlọ́ọ̀sì yẹn, àbí?

Ilé 1974, ọ̀dà elépo ìgbà náà, ó ṣeé ṣe dáadáa kí òjé wà nínú rẹ̀. Òjé yìí ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì mọ́tò. Níbí ní Amẹ́ríkà, 1978 ni ìjọba fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé, títí dòní ẹni tó bá ń ta ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bá mọ̀ nípa òjé inú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Tí ọ̀dà náà bá wà jẹ́ẹ́ lára ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà tí wọ́n bá fi sánpépà gbígbẹ ha á, tí eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́rin fọwọ́ pa ilẹ̀ tó sì ki ọwọ́ bọ ẹnu, wàhálà dé nìyẹn. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́, kì í sì í ṣeé tún ṣe.

Pẹ́ńtà Mọ́níyà · 7:05 alẹ́

Bọ̀dá Dìpọ̀, ẹ ṣé. Kí n má purọ́, àìmọye ọdún ni mo fi ha gúlọ́ọ̀sì gbígbẹ láìbo imú, tí gbogbo irun orí mi á funfun bí ti arúgbó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ mi. Ẹ kó àwọn ọmọ àti Màmá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ náà. Sánpépà dúdú tó ń gba omi ni kí wọ́n lò, kí wọ́n máa rì í sínú bókẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo rẹ̀ wà ní tútù kí eruku má bàa fò. Kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, tí wọ́n bá parí kí wọ́n ká ọ̀rá náà mọ́ ìdọ̀tí rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tútù nulẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ìgbálẹ̀. Tàbí kí ẹ má ha á rárá: ẹ fọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ ra ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún gúlọ́ọ̀sì, kí ẹ fi bò ó. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé mi ni, òun ni màá ṣe.

Ní ti àwọ̀, ẹ yé jà nínú afẹ́fẹ́. Káàdì tí wọ́n ń fi hàn yín ní ṣọ́ọ̀bù ò tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ kan náà tó bá dé ògiri mẹ́rin, le ló ń le sí i, torí ògiri ń kọ àwọ̀ síra wọn lójú ni. Ẹ wá pílíwúùdù méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin sí méjì. Ẹ kun ọ̀kan ní ẹtù, ẹ kun èkejì ní sányán, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa torí ẹ̀mọ́ṣọ̀n máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ. Ẹ máa gbé e kiri yàrá. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ wò ó níná NEPA, ẹ wò ó nígbà tí wọ́n bá mú un lọ.

Ìyàwó Òkè-Àdó · Wẹ́sìdé, 9:30 alẹ́

A ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, kò sì lọ bí mo ṣe rò.

Aago méje àárọ̀, mo gbé méjèèjì kọjú sí fèrèsé. Sányán ń tàn bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú sínú ewé. Ẹtù náà, kí n má fi igbá bo òótọ́, ó dára. Ó rí bí ojú ọ̀run kí òjò àárọ̀ tó rọ̀, mo sì dúró wò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Bàálé mi rí mi.

Aago kan ọ̀sán, sányán ò yí padà púpọ̀. Ẹtù ti dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí búlúù kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Alẹ́ ló wá kàn mí. Iná wà, a tan gílóòbù funfun tí a ti ń lò látẹ̀yìn wá, sányán mi sì rí bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn ibà! Àwọ̀ eérú, tútù. Bàbá Tóbi ti ń rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí wa ló ka ara páálí, 6500K ni wọ́n kọ síbẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ṣe funfun tàbí pọ́n tó. A lọ yọ ti yàrá, èyí tó pọ́n bí iná àtùpà, 3000K, a fi rọ́pò rẹ̀, sányán bá padà sípò. Ẹ wò ó, ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń jà lórí ọ̀dà, kò sẹ́ni tó wo gílóòbù.

Ní 8:40 wọ́n mú iná lọ. A gbé lámpù oníbátìrì sórí tábìlì. Nígbà tí sányán wà lẹ́yìn rẹ̀, a rí ojú ara wa. Nígbà tí a gbé ẹtù síbẹ̀, lámpù náà dá wà bí ẹni tó sọnù lọ́jà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Láàárọ̀ àná, a fi pákó ẹtù ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí yàrá Màmá. Màmá dìde lórí àga, wọ́n fẹ́ wọlé lọ. Wọn ò gba ẹnu ọ̀nà. Ibi pákó yẹn ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fa kọ́tìnnì. Ọwọ́ wọn bá pákó. Wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ pa á lókè nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ mi?"

Bàálé mi wà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé pákó náà kúrò, ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Ojú · Wẹ́sìdé, 10:14 alẹ́

Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ilé ìwòsàn ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò lè wo ojú tí mi ò rí, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ẹ sọ yìí lọ́pọ̀ ìgbà.

Dígí kékeré kan wà nínú ẹyinjú wa. Bí a ti ń dàgbà ló ń pọ́n, bí ṣìmí funfun tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ àpótí. Ó tún lè wá ṣú bí ìgbà tí èémí bo dígí. Dígí tó pọ́n kì í jẹ́ kí búlúù kọjá dáadáa. Ẹtù tí ẹ̀yin ń rí, dúdú lásán ló jẹ́ lójú wọn, ohun dúdú tó ga tó èèyàn lára ògiri tó mọ́lẹ̀, ihò ni ojú wọn pè é. Wọn ò ṣìwèrè, wọn ò gbàgbé ilé. Ojú wọn ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe.

Nítorí náà, kí ògiri mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kun gbogbo nǹkan ní sányán o, ìyẹn náà léwu. Tí ògiri, ilẹ̀kùn, férémù àti ojú ṣíṣí iná (súìṣì) bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, gbogbo rẹ̀ á yọ́ mọ́ra lójú wọn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí ni kí ẹ fi àwọ̀ tó takò ó sí: férémù ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ògiri níbi tó ti pàdé ilẹ̀, àyíká ṣíṣí iná. Kí àga tí wọ́n ń jókòó sí má jọ ilẹ̀. Kí ògiri má sì dán, dídán máa ń ta wọ́n lójú.

Kí ẹ tó ra ọ̀dà kankan, ẹ mú wọn lọ yẹ ojú wò. Tó bá jẹ́ dígí yẹn ló ṣú, iṣẹ́ abẹ wà fún un, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i, ọ̀pọ̀ ló sì ń ríran padà.

Àrẹ̀mọ Màmá · Tọ́sìdé, 6:02 àárọ̀

Mo ti fi ògiri sílẹ̀. Sányán ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ìyàwó mi kú oríire.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fún wa láti lọ yẹ ojú náà wò.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí férémù ilẹ̀kùn dúdú, ẹsẹ̀ ògiri kí ó dúdú, àyíká ṣíṣí iná kí ó dúdú? Ẹ bá mi tún un kọ sílẹ̀ ní lẹ́tà ńlá.

Ìyàwó Òkè-Àdó · 6:20 àárọ̀

Mo ti kà á. Kun férémù rẹ, Bàbá Tóbi.

Ọmọ Ìtòkú · 7:11 àárọ̀

Sányán ni aṣọ, ẹtù ni ìlà. Bọ̀dá ti dá aṣọ tuntun sílẹ̀ nìyí.

Pẹ́ńtà Mọ́níyà · 7:48 àárọ̀

Ó dùn mọ́ mi. Ẹ gba ìyókù lọ́wọ́ mi.

Fún ògiri, ẹ̀mọ́ṣọ̀n tí kò dán, gálọ́ọ̀nù méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ po sányán yín nínú bókẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́, "díẹ̀ nínú yẹ́lò, díẹ̀ nínú búráùn". Ó lè dára lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n tí ọmọ yín bá fi bíró kọ nǹkan sí i lóṣù tó ń bọ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa rí àwọ̀ yẹn mọ́ láyé. Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù ni kó po ó, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí gálọ́ọ̀nù méjèèjì bá dé, ẹ da wọ́n pọ̀ sínú ike ńlá kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì.

Fún férémù àti ẹsẹ̀ ògiri, sátínì (ọ̀dà tó ń dán díẹ̀) búlúù dúdú, líta kan tó, ó ṣeé nù. Níbi ṣíṣí iná, ẹ kun ìlà tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin yí i ká. Kí pẹ́ńtà má kun ṣíṣí fúnra rẹ̀ o. Mo ti rí i.

Olùbéèrè Ọ̀fẹ́ · 8:30 àárọ̀

Ọ̀gá, èló ni gálọ́ọ̀nù kan báyìí?

Pẹ́ńtà Mọ́níyà · 8:34 àárọ̀

Iye tí mo bá sọ láàárọ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ pe oníṣọ́ọ̀bù yín.

Ìyàwó Òkè-Àdó · Sátidé, ọ̀sẹ̀ kejì, 8:50 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. A ti parí ògiri.

Dígí ojú méjèèjì ló ṣú, bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ti ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, lóṣù tó ń bọ̀. Màmá ní àwọn ò bẹ̀rù abẹ, owó ni wọ́n ń bi wá.

Nígbà tí pẹ́ńtà ń fọ ògiri àtijọ́, ó pè mí kí n wá wo nǹkan kan. Láti ibi àga Màmá dé ibi ṣíṣí iná, ipa búráùn kan wà lára kírímù náà, ó fẹ̀ tó ọwọ́, ó sì ga dé èjìká wọn. Ipa ìka wọn ni. Wọ́n ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ síbi iná látọjọ́ pípẹ́, gbogbo wa ń jókòó síbẹ̀, a ń wo tẹlifíṣọ̀n, a rò pé ìdọ̀tí ni. Bàbá Tóbi kò jẹ́ kí wọ́n nù ún fún bíi wákàtí kan.

Nírọ̀lẹ́ òní, ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀, iná dé. Ẹ mọ ariwo "Wọ́n ti mú iná wá!" Kí ọmọ kankan tó dìde, Màmá ti dìde. Wọn ò fọwọ́ kan ògiri. Ibi ìlà dúdú yẹn ni wọ́n lọ, wọ́n tẹ ṣíṣí iná, wọ́n yíjú wo férémù ilẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló wọ ẹtù fún ilẹ̀kùn mi?"

Àrẹ̀mọ wọn ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn.

Ó ku òkè àjà. Ó ní àyìnrín, mo ní funfun. Ẹ má dá sí i.